Irú, Imí-ọjọ́ àti Imú Ọkọ Mi

Irú ni mò ń tà. Mo ń ta gàrí, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, ògìrì àti ata gígún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Stafford, lẹ́bàá Houston ní Texas, irú ni yóò kọ́kọ́ pàdé kí èmi tó kí i káàbọ̀. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun, ó sì máa ń bá èèyàn wọ ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ kó jókòó ti òun lórí freeway.

Ọkọ mi ò fẹ́ kó jókòó ti òun níbikíbi. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, bí mo bá ti ń wọlé wa ní Richmond nírọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ni yóò pàdé mi láti pálọ̀: "Ìyá Oníirú ti dé! Jọ̀ọ́, gbé síkáàfù yẹn sí garage!" Màá pòṣé, màá padà sẹ́yìn, màá fi síkáàfù mi kọ́ ìṣó kan tí òun fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ògiri garage nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Màá wá sọ fún un pé irú tó ń sá fún yìí náà ló rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Yóò ní òun ò bá irú jà, síkáàfù lòun ń bá jà. Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, ọdún ń gorí ọdún.

Kí n tètè sọ nǹkan kan. Tí mo bá ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Nínú ọkàn mi, "o" ni, àgàgà tí inú bá ń bí mi. Inú ọkàn mi ni mo ti ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó".

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọlé, mi ò gbọ́ ariwo. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "O káàbọ̀. Ọjà ńkọ́?" Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ wé síkáàfù náà mọ́ ọrùn, mo lọ jókòó tì í lórí àga gígùn, mo sún mọ́ ọn débi tí etí síkáàfù fi ń kan èjìká rẹ̀. Kò tilẹ̀ yíjú wò mí. Inú mi dùn, irọ́ kọ́. Mo ní mo ti borí, irú ti ṣẹ́gun.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Kí èèyàn méjì máa ja ìjà kan bọ̀ láti ìgbà tí orí wọn ṣì dúdú, kí ó wá dédé tán láìsí ẹni tó sọ pé ó tó, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a máa ń sun tùràrí. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé tí tùràrí bá ti wọlé, ọkọ mi yóò sín, yóò tún sín, títí àwọn ọmọdé yóò fi máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹni tó gbé àwo tùràrí dúró níwájú wa gan-an, èéfín bo ìjókòó wa, àwọn ọmọdé yíjú padà, wọ́n ń retí. Ọkọ mi kàn ń kọrin rẹ̀ lọ ni.

Ó ti ṣàìsàn kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ibà pẹ̀lú ikọ́ tó dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ó padà síbi iṣẹ́, a dá ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó béèrè imú rẹ̀.

Ta ló tilẹ̀ ń béèrè imú? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ mi kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè fi imú ṣeré. Òṣìṣẹ́ ààbò ni ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́míkà ní La Porte. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí gbogbo ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ padà sílé ní àlàáfíà. Gáàsì kan wà níbẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ọmọ wa obìnrin sì ti mọ ìtàn gáàsì yìí kó tó mọ ABC. Bàbá rẹ̀ á na ṣíbí sí i nídìí tábìlì oúnjẹ: tí o bá gbọ́ òórùn rẹ̀, kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí o sì máa lọ. Tí òórùn náà bá dédé pòórá, má dúpẹ́ o. Gáàsì náà ò lọ síbì kankan, imú rẹ ló ti pa. Sáré.

Òfin ilé iṣẹ́ yẹn ló fi ń darí gbogbo ayé wa. Bí a bá dé mall, ẹ̀yìn ni yóò fi wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí ojú ọkọ̀ lè kọjú síta bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí a bá wọ ilé oúnjẹ, yóò kọ́kọ́ fojú wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó tó fojú wá àga. Bí a bá wà níta gbangba, yóò gbójú sókè wo àsíá kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn kọrí sí, àsíá sì pọ̀ ní Texas, ìyẹn dùn mọ́ ọn nínú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti ọmọ mi méjèèjì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀rù wá bà mí. Mo tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn tó wọ kíṣìnì láti garage, òórùn gáàsì ìdáná gbá mi lójú. Wọ́n ti yí bọ́tìnnì sítóòfù, iná ò ràn. Ọkọ mi dúró ti sítóòfù náà gan-an, ó ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀, ó ń wá ìṣáná nínú dúróà. Mo kígbe. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Aládùúgbò wa ní òun rò pé olè ló wọlé wa. Mo pa sítóòfù, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo wọ́ ọkọ mi jáde sẹ́yìn ilé.

"Ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

"Cold ló mú mi."

"Cold wo? Cold tó ti ń mú yín láti ìgbà wo? Irú ńkọ́? Tùràrí ńkọ́?"

"Ó tó. Jọ̀ọ́, ó tó."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ inú táńkì kẹ́míkà!"

"Monitor wà láyà wa. Ẹ̀rọ ló ń gbọ́ òórùn fún wa níbi iṣẹ́, kì í ṣe imú."

"Ṣé monitor wà ní kíṣìnì mi?"

 Ó lọ gbé ẹ̀rọ ìgékoríko, ó lọ ń gé koríko tí kò tíì hù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ilé iṣẹ́ wọn ń múra láti pa gbogbo ẹ̀rọ fún àtúnṣe, ọkọ mi ni yóò sì ṣáájú wọ inú àwọn táńkì, kó lè mọ̀ bóyá ó dára fún àwọn yòókù láti wọlé. Monitor wà, mo gbà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé bátìrì máa ń kú, pé ẹni tó bá gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ohun kan ṣoṣo ń ṣeré ni. Mo fẹ́ kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé imú òun ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà. Kò tilẹ̀ tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Bí fóònù bá dún ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, àyà mi á já, màá rò pé La Porte ni.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ń ṣiṣẹ́ ní Dallas. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Hawaii, sí erékùṣù tí òkè ayọnáyèéfín wà. Àtúnṣe ilé iṣẹ́ ò ní tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ní kí la fẹ́ lọ ṣe nídìí òkè oníná, nígbà tó jẹ́ pé iná ń jó lórí páìpù La Porte lójoojúmọ́, òun sì ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ ní, "Daddy, please, ẹ jọ̀ọ́," ọ̀rọ̀ sì tán.

Èmi lọ ka ohun tí àwọn tó ti débẹ̀ kọ sórí ìkànnì. Wọ́n sọ nípa omi tó ń já láti orí àpáta, etíkun oníyanrìn dúdú, igbó tí kì í gbẹ. Wọ́n tún sọ nípa ibì kan tí èéfín ti ń jáde látinú ilẹ̀, pé ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, kí ẹni tí kò bá lè gbà á má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo kà á, mo tún un kà, mo pa fóònù dé. Mo ní bí ẹnu mi ò bá lè sọ ọ́ fún un kó gbọ́, bóyá òkè yẹn á bá mi sọ ọ́.

Mo di irú gbígbẹ sínú nylon lórí nylon, mo kì í sáàárín aṣọ, torí kíṣìnì wà nínú ilé tí ọmọ wa gbà, mi ò sì lè máa jẹ bọ́gà láàárọ̀ lálẹ́. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ọmọ wa fọwọ́ dí imú. "Mommy, no! Ẹ gbé irú wá? On vacation?" Bàbá rẹ̀ gbé àpótí náà lé èjìká bí ẹni gbé ọmọ sùn. Ọmọ wa wò ó, ó wá wò mí. Mo yíjú sí ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí.

Mi ò lè parọ́, ibẹ̀ dára. Ilé tí a gbà wà nínú igbó, òjò a máa rọ̀, a máa dá, a tún máa rọ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lọ́jọ́ kìíní a lọ wo omi tó ń já. Ó já láti ibi gíga kan tí ewé bò, ó funfun, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àfonífojì débi pé a ní láti máa pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀. Ewéko kan wà níbẹ̀ tó dà bí ewé tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga nílé wa, èyí tí kì í ga ju orókún lọ, ṣùgbọ́n tiwọn ga ju òrùlé lọ. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀, ọmọ mi ya fọ́tò mi, mo kéré nínú fọ́tò náà bí ọmọ iléèwé.

Lẹ́yìn náà a wọ ihò kan tí iná ṣàn gbà kọjá láyé àtijọ́. Iná náà ti lọ, ihò náà kù, ó gùn lọ sínú ilẹ̀, omi ń kán láti òkè sí wa lọ́rùn. A tún wakọ̀ lọ síbi tí iná ti ṣàn dé òkun tó sì ti di òkúta. Ilẹ̀ náà dúdú títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀, ó wú, ó ká jọ, bí ọbẹ̀ tó hó dànù sórí sítóòfù tí ẹnikẹ́ni ò nù. Igi kéékèèké olódòdó pupa ti ń yọ nínú pàlàpálá àpáta. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ́. Mo ń rò ó pé ta ló gbin ín, pé kí ló ń jẹ nínú òkúta.

Inú ọkọ mi dùn ju ti àwa méjèèjì lọ. Òun tí kò fẹ́ wá, òun ló ń ṣàlàyé fún wa. "Ṣé ẹ rí gbogbo ihò tí èéfín ń gbà jáde yìí? Relief valve ni wọ́n. Tí òkè yìí ò bá rí ibi mí sí, gbàù ni yóò bú." Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ìwọ náà ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì èyí la lọ síbi tí mo ti ń retí. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí ni òórùn náà ti pàdé wa. Ọkọ mi ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nà, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ mà dára o. Ẹyin tó ti bàjẹ́ ni, kì í sì ṣe ẹyọ kan. Èmi tí mo ń ta ògìrì, mo fa síkáàfù bo imú.

Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà tí èèyàn máa gbà rìn. Èéfín ń jáde lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ pọ́n níbì kan, ó funfun níbòmíràn, nǹkan yẹ́lò kan sì lẹ̀ mọ́ ẹnu gbogbo ihò bí ìyẹ̀fun. Imí-ọjọ́ ni, èyí tí wọ́n ń kà sí wa létí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, tó rọ̀ lé Sódómù lórí. Mi ò mọ̀ pé màá wọ ọkọ̀ òfurufú wá wò ó lọ́jọ́ kan. Àwọn èèyàn díẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, tọkọtaya arúgbó kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó kan náà. Gbogbo wa ló fi nǹkan bo imú. Ọkọ mi nìkan ló fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, tó na fóònù sínú èéfín, tó ń ya fọ́tò.

"Daddy, báwo lẹ ṣe ń dúró síbẹ̀?" ọmọ wa bi í.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"The smell! Ó ń rùn gan."

Ó gbé orí sókè. Ó fa atẹ́gùn símú. "Òórùn wo?"

"Rotten egg, Daddy. Your gas."

 Mo ti ro ìṣẹ́jú yẹn sí ọ̀nà púpọ̀ kí a tó kúrò ní Houston. Mo ti rò ó pé yóò dákẹ́, yóò yíjú sí mi, yóò ní, ìwọ lo jàre. Mo gbàgbé ẹni tí mo fẹ́. Ohun tí ọkọ mi gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni pé gáàsì wà níbẹ̀, òun ò sì gbọ́ òórùn rẹ̀, ohun kan ṣoṣo nìyẹn sì túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní La Porte: gáàsì ti pa imú, sáré. Kò rántí pé imú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo èéfín láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ, ó gbá ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó gbá mi mú lọ́wọ́ kejì.

"Out! Everybody out! Ẹ jáde! This way, upwind!"

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá gbọ́ ohùn yẹn, ẹ ó sáré. Gbogbo èèyàn sáré. Pákó ń dún gbàgbàgbà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ó tì wá dé títì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí wa lójú, ó ka orí wa, ó wo ẹ̀yìn. Àwọn arúgbó olódòdó yẹn ò tíì jáde, obìnrin náà ń fi ọ̀pá rìn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ọkọ mi ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó ti padà sínú èéfín.

Mo mọ̀ pé kò sí gáàsì tó ń pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Síbẹ̀ mo pariwo pè é, torí mo rí i pé òun gbà pé ikú ni òun ń padà lọ bá. Ó jáde wá, ó fi apá kan gbé obìnrin náà, ó ń ti ọkọ rẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ tutù fún òógùn.

Gbogbo wa dúró sójú títì, a ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀ níbi tí monitor máa ń wà. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó yíjú sí ọmọ wa.

"Ṣé o ṣì ń gbọ́ òórùn yẹn?"

"Yes, Daddy. Níbí gan-an, mo ń gbọ́ ọ."

Ó bi bàbá arúgbó náà léèrè pẹ̀lú. Bàbá náà ní òun ń gbọ́ ọ dénú ìbọ̀sẹ̀ òun.

Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wò mí kẹ́yìn.  Ó jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá títì, ó ní, "Èmi nìkan ni." Ó tún un sọ. "Imú wọn pé. Èmi nìkan ni."

Obìnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré dé láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi dìde, ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ gbogbo wọn, ó ní òun ṣe àṣìṣe. Obìnrin náà ní kò burú, pé kò sí ewu fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Arúgbó obìnrin náà di ọwọ́ ọkọ mi mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ òun gan-an ò yíjú wẹ̀yìn, àlejò ló padà wá gbé òun. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, títí kan ọkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ọmọ wa ló wà nídìí stẹ́ẹ̀rìn, kò tíì tan ọkọ̀.

"Láti ìgbà àìsàn yẹn ni," ló wí. "Mi ò gbọ́ òórùn ohunkóhun. Mo rò pé yóò padà. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò pé lọ́la ni yóò padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Wọ́n á yọ mí kúrò nídìí táńkì. Kí ni mo wá jẹ́ tí mi ò bá ṣe iṣẹ́ yẹn?" Ó yíjú sí mi. "Ọbẹ̀ rẹ náà wà níbẹ̀. Bí òwú ló ń rí lẹ́nu mi. Mo ń sọ pé ó dùn, mo ń sọ pé o ṣeun. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí mò ń jẹ mọ́."

Inú bí mi, àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ jáde. Mo rántí gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ tí mo dúró tì, gbogbo ìgbà tó lá ọwọ́ rẹ̀ níwájú mi. Ẹkún ló gbà á lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ fẹ́ kú sínú táńkì kí ẹ sì fi èmi nìkan sílẹ̀ ní Richmond."

"Ẹ wò mí," ló wí. "Òfin tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ padà wọ inú gáàsì láìsí ìbòmú, bó ti wù kí ó rí. Ẹni tó bá padà, òun ni òkú kejì. Mo sì padà. Ká ní òótọ́ ni, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ̀ bá gbé òkú mi lọ sí Houston."

Ọmọ wa ń sunkún sórí stẹ́ẹ̀rìn. "Daddy, tell them. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

"Màá sọ fún wọn," ló wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rẹ̀.

A ò fagi lé ìyókù ìrìn àjò náà. A lọ sí etíkun oníyanrìn dúdú tí a ti pinnu láti lọ. Ọmọ wa wọ inú omi. Àwa méjèèjì jókòó sórí yanrìn tó gbóná, tó dúdú bí èédú, òkun sì ń bì sí wa lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi mú yanrìn díẹ̀, ó gbé e símú, ó sọ ọ́ nù.

"Báwo ni òórùn ibí ṣe rí?" ló bi mí.

Kò sí ẹni tó tíì bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo fa atẹ́gùn. "Iyọ̀. Iyọ̀ àti ẹja tútù. Àti bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kúrò lórí iná igi."

"Igbó tí a gbà kọjá ńkọ́?"

"Ilẹ̀ tútù. Ewé tó ń jẹrà." Mo rò ó síwájú sí i. "Bí ẹ̀yìnkùlé ìyá yín, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá."

"Nítòsí igi ìyeyè?"

"Ibẹ̀ gan-an."

Ó di ojú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó là á. Láti ọjọ́ yẹn mo ti ń sọ òórùn fún un: pé burẹ́dì ń jóná, pé òjò ń bọ̀, pé ọmọ tuntun tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ń rùn fún pọ́dà àti wàrà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òórùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Lọ́jọ́ tó padà síbi iṣẹ́, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó wọ bàtà iṣẹ́. Wọn ò lé e. Wọ́n gbé e kúrò nídìí táńkì, wọ́n ní kí ó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó dé ilé, ó ní, "Wọ́n ti sọ mí di tíṣà," ó sì bínú dọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ló ṣáájú wọ inú táńkì. Ọkọ mi ń rìn kiri ilé bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí bó ṣe ń dùn ún, ó sì dun èmi náà, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa.

Dókítà imú ní òórùn lè padà, ó sì lè má padà. Ó ní kí ó máa gbóòórùn àwọn nǹkan tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ láràárọ̀, kí ó máa rántí bí wọ́n ṣe rí. Mo kó ìgò kéékèèké wá láti ṣọ́ọ̀bù. Mo fi kànáfùrù sí ọ̀kan, mo fi èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí èkejì, mo fi kọfí sí òmíràn, irú sì wà nínú èyí tó kù. Láràárọ̀ yóò jókòó sídìí tábìlì, yóò di ojú, màá gbé ìgò sún mọ́ ọn. "Kò sí nǹkan." Màá gbé òmíràn. "Kò sí nǹkan." Ìgò irú ni mo máa ń fi sí ìkẹyìn, mo sì máa ń gbé e pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà màá dé àwọn ìgò, a óò sì lọ síbi iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo dé láti Stafford, ó rẹ̀ mí, oníbàárà ti fi ọ̀rọ̀ dá mi lágara. Mo gba garage wọlé, síkáàfù wà lọ́rùn mi, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ìjà wa ti dópin. Mi ò tíì ti ilẹ̀kùn tí ohùn kan fi dún láti pálọ̀.

"Ìyá Oníirú ti dé! Jọ̀ọ́, gbé síkáàfù yẹn sí garage!"

Báàgì jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré wọ pálọ̀. "Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀? Ó ti padà?"

Ó wò mí láti orí àga, ó mi orí. "Rárá. Ìró ilẹ̀kùn garage ni mo gbọ́."

"Kí lẹ wá ń pariwo lé mi lórí fún?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ kẹ́yìn," ló wí. "Ó ń wù mí kí n sọ ọ́."

Mo pòṣé. Mo padà sí garage, mo tú síkáàfù kúrò lọ́rùn, mo sì fi kọ́ ìṣó rẹ̀.